Kí Ẹrù Tó Sọdá Afárá

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ;
èmi, ọmọ ni mò ń wò kí n tó gbalé.
Bùràímọ̀ ajẹ́ńtì fi yàrá méjì hàn wá ní Ìwáyà,
ó ń ṣí ẹ̀rọ omi, ó ń tì í,
ó ní, "Màmá Mojí, ẹ wo bó ṣe ń tú yàà."
Ojú fèrèsé ni mo dúró sí.
Aago méjì ti lù: aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ wo ló ń kọjá lọ yẹn?
Ta ló ń rẹ́rìn-ín nínú wọn? Ta ló ń wolẹ̀?

Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.
Ó dáa. Àwa ò kọ́lé.
Èyí tí bàbá ọkọ mi kọ́ sí Òkè Pópó,
àwọn tó kàwé jù nínú ẹbí ló tà á,
Gẹ̀ẹ́sì tó já gaara ni wọ́n fi kọ̀wé sí wa pé ká jáde.

Mo fa ìlà sẹ́yìn ìwé ìṣirò Mojirọ́lá:
orúkọ ilé-ẹ̀kọ́, owó,
iye ọmọ tó yege ìdánwò àtiwọ girama,
iye ọmọ lórí bẹ́ńṣì kan,
bóyá ṣáláńgá wọn ní ilẹ̀kùn.
Ìlà kan ṣẹ́kù lápá ọ̀tún.
Mo mọ̀ pé ó yẹ kó wà níbẹ̀,
n kò mọ ohun tí mo lè pè é.

Èyí tó wà lẹ́bàá títì ya àwòrán ọmọ mẹ́wàá sí géètì,
máàkì wọn ga ju orí wọn lọ.
Ìyáàfin Adéṣẹ́gun, ọ̀gá wọn, ní kíláàsì ọlọ́pọlọ pípé ni,
ọmọ mẹ́wàá péré lọ́dún.
"Kó jókòó fún ogójì ìṣẹ́jú, a ó ti mọ̀."
Àwọn yòókù ńkọ́, mà?
Ó to bírò rẹ̀ sójú kan.
"Àwọn yòókù náà ń gbìyànjú."

Mo mọ̀ wọ́n. Mo wà nínú wọn.
Kíláàsì C ni mo jókòó sí, ẹ̀gbọ́n mi wà ní A,
ògiri páálí ló là wá láàárín,
mò ń gbọ́ àtẹ́wọ́ wọn.
Títí di òní, bí mo bá se ọbẹ̀ tán,
mo máa ń dúró díẹ̀, bí ẹni tó ń retí kí wọ́n máàkì í.

Síbẹ̀ mo mú un lọ. Mo tún ra pẹ́ńsù tuntun.

"Wọ́n ní apẹja kan pa ẹja méjìlá, ó ta mẹ́rin,
mélòó ló kù? Mo bi wọ́n pé ṣé ó lọ́mọ nílé.
Tíṣà ní kí n dáhùn ìbéèrè."
Mọ́kànlélọ́gọ́ta ló gbà.
Márùndínláàádọ́rin ni wọ́n fi ń wọlé.
Máàkì mẹ́rin. Mo kà á lórí ìka mi nínú ọkọ̀,
mo sì ń ro iye ẹja tí ó jẹ́.

Gbádébọ̀ dé láti Àpápá, ó bọ́ bàtà,
ó ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba tó wà lẹ́yìn ilé yẹn ńkọ́,
òun jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ kàwé, òun ò sì kú.
Mo ní a kì í fi àìkú díwọ̀n ẹ̀kọ́.
Ọgọ́ta ọmọ, olùkọ́ kan,
obìnrin kan tó ń jẹ́ Ọdẹ́yalé, tí ohùn ti há,
ṣùgbọ́n mo dúró lójú wíńdò wọn títí,
ó pe gbogbo wọn lórúkọ láìwo ìwé,
ó sì bi ọ̀kan pé, "Ṣé ìyá ẹ ti dìde?"
Kò síbi tí mo lè kọ ìyẹn sí.

Bùràímọ̀ pè lóru: ẹnì kan fẹ́ sanwó lọ́la.
Mo ṣí ìwé. Ìlà tó ṣófo ti ní ọ̀rọ̀,
ọwọ́ ọmọ ni, ó wọ́, ó fi pẹ́ńsù tuntun kọ ọ́:
Láti ẹnu ọ̀nà wa dé ìdí igi fúrúùtù wọn,
ẹsẹ̀ irinwó ó lé mọ́kànlá.
Mo sáré díẹ̀.

N kò pa á rẹ́.
N kò tíì fọwọ́ sí i.